Irin Tí Wọ́n Ní Kí Gbádé Gbé

Ẹ wá jókòó, ẹ̀yin ọmọ tó wálé fún Àjíǹde. Mo rí yín láàárọ̀ yìí lẹ́yìn ilé. Ẹ bọ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ ń gbé irin dúdú kéékèèké tí ẹ kó wá nínú bàgì láti Ìlọrin, ẹ sì gbé fóònù ti ara igi ọsàn kí ó lè máa ka iye ìgbà fún yín. Ẹ ní jíìmù lẹ ń pè é. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ìyá àgbà yín sì rò pé inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá. Nígbà tí irin yín kan ara wọn, ọkàn mi fò lọ sí ibi tí ó ti máa ń lọ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èmi kò gbàgbé, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó gbàgbé nítorí pé ọjọ́ ọdún ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí fún yín. Láyé ìgbà tiwa, ẹnikẹ́ni kì í wá agbára kiri, agbára ló ń wá èèyàn wálé. Kí aago iléèwé tó lù, o ti lọ sódò lẹ́ẹ̀mejì, korobá wà lórí, omi ń ṣàn sí ọ lẹ́yìn ọrùn. Tó bá di Sátidé, oko ni. Bàbá ẹni á dúró sẹ́yìn ẹni, á máa wo ebè tí a kọ, á ní ebè yìí mà kéré o, ṣé sàréè adìẹ lò ń kọ ni? Nígbà ìkórè, orí la fi ń ru iṣu wálé láti òkè odò, nítorí kò sí ọ̀kadà, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì gba kẹ̀kẹ́. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, agboolé kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán, kí ó tó gún un tán, agboolé kejì á ti dá a lóhùn, títí gbogbo abúlé á fi máa dún gbì, gbì, gbì. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ lókèèrè á gbọ́, á ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lónìí wọ́n ti di ìyẹ̀fun sínú páálí fún yín, ẹ fi omi gbígbóná rò ó, ẹ ní iyán ni. Mo ti jẹ ẹ́ rí nílé ọmọ mi l'Ékòó. Mi ò bá a jà.

Gbádé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n, àfi ẹ̀yin àgbà díẹ̀ tí ẹ rí i nígbà tó ti ń jókòó sójú kan. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn, òun nìkan sì lọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Yèyé Gbádé la ń pe ìyá náà. Obìnrin náà ló ń dá oko ọkọ rẹ̀ ro ní abúlé wa lẹ́yìn Ìlọ́fà, kò sì sí ohun méjì tó ń gbàdúrà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì ju pé kí Gbádé dàgbà, kí ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ mọ̀ pé kò sí ìwé ọjọ́ ìbí nígbà yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ mú ọmọ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Tí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Tí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ mu ẹ̀kọ. Ọwọ́ Gbádé gùn jọjọ. Lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi lọ, ó tẹ̀ lé wa, ó ń sunkún pé òun náà fẹ́ lọ. Hẹdimásítà ní kí ó dán an wò. Ọwọ́ ọmọ náà kọjá etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni, gbogbo agboolé fi ṣẹ̀rín jẹ, Yèyé Gbádé sì yọ̀ pé ọmọ òun á tètè jáde. Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ yẹn ló tẹ̀ lé e dé iléèwé gírámà. Nínú ìwé, ẹgbẹ́ ni àwa méjèèjì. Nílé, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ.

Agbègbè Ọ̀sí la ti ka iléèwé gírámà, ní bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà. Ilé katikíìsì kan la ń gbé, a jọ ń sùn lórí ẹní kan, a jọ ń pín ẹ̀wà jẹ. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní eré ìdárayá níléèwé wa kò ju kí wọ́n kó àdá fún wa pé ká ṣán koríko pápá. Tíṣà á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á máa maàkì ìwé. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé ọkùnrin kan wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe ọmọ agbègbè wa, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó ń gun alùpùpù pupa, fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Tíṣà Onírin la sọ ọ́.

Ó ní ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán àwọn ọmọ òyìnbó sí, tí wọ́n ń gbé irin. Iléèwé kò ní irin. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó ṣa páìpù tí àwọn tó ń ṣe omi ẹ̀rọ sọ nù, ó ní ká kó agolo wá láti ilé, ó po símẹ́ńtì, ó rọ ọ́ sínú agolo, ó ki ẹnu páìpù bọ̀ ọ́, ọ̀tún àti òsì. Ó jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Agolo mílíìkì ni ti àwọn ọmọ kékeré, agolo ọ̀dà ni ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Èyí tó tóbi jù, ríìmù ọkọ̀ méjì ló rọ símẹ́ńtì kún, a sì ń pe ìyẹn ní Bàbá Wọn.

Àwọn agolo wọ̀nyẹn ní ìtàn tiwọn. Nígbà tí símẹ́ńtì kan ṣì tutù, ewúrẹ́ àwọn tó ń se oúnjẹ iléèwé ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ náà sì gbẹ síbẹ̀ kedere. Agolo Ewúrẹ́ ni a ń pè é, a gbà pé ó máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ kí i. Ẹ ó rí ọmọkùnrin gìrìpá tí ń kúnlẹ̀ kí agolo. Ọmọ kan láti Koro bẹ̀rẹ̀ láti gbé e lọ́jọ́ kan, ṣòkòtò kákí rẹ̀ sì fà ya láti ìdí dé bèbè. Fèrè bọ́ lẹ́nu tíṣà fúnra rẹ̀, ẹ̀rín pa á. Mi ò lè purọ́, a gbádùn rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń mú, tí a dúró lórí ìlà láàárọ̀ kùtù, tí páìpù tutù ń jó wa lọ́wọ́, tí gbogbo irin sì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dùn létí.

Ó ní òfin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti mẹ́rìnlá, agolo mílíìkì nìkan, kí ó gbé e lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó sinmi, kí ó tún gbé e, nítorí eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹni tó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún nìkan ló lè sún mọ́ Bàbá Wọn. Gbogbo ìgbà ló ń pariwo kan náà: “Ẹ fi ẹsẹ̀ gbé e! Ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e!” Ẹ̀yin náà, ẹ fetí sí ìyẹn. Bí mo ṣe kórìíra ọkùnrin náà tó, òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Fúráìdé kan, pírínsípà mú àlejò méjì wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Tíṣà Onírin wọ ṣòkòtò funfun, ó ní kí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n pín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí díje, kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò gbé Bàbá Wọn. Ilé Pupa ni èmi àti Gbádé wà. Ẹni tí a yàn tẹ́lẹ̀, ibà dá a wó. Ọwọ́ èmi ti gbọgbẹ́, mo fi àdá gé e lóko. Tíṣà ṣí ìwé rẹ́jísítà, ó ń wá ẹlòmíràn tó ti pé ọdún, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí orúkọ Gbádé. Ó ní kí ó jáde. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Gbádé ga, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ṣì tín-ín-rín.

“Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kọ síbí,” tíṣà ní. “Ṣé lóòótọ́ ni?”

Gbádé yíjú sí mi.

Mo ní, “Mẹ́rìndínlógún ni, sà! Ẹgbẹ́ mi ni.”

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìwé ló sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́. Ilé Pupa ti gba ipò ìkẹyìn lọ́dún méjì, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní yàrá oúnjẹ. Tíṣà kò fọ́jú, ó rí ọrùn ọmọ náà. Àlejò ló ń wò, funfun ló wọ̀, ohun tó fi gbà nìyẹn. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pariwo jù. Mo ní, “Gbé e, ọmọ ajíjẹyán! Gbé e!”

Gbádé gbé e dé orúnkún. Ó gbé e dé àyà. Àwọn àlejò dìde dúró. Nígbà tó fẹ́ gbé e kọjá orí, ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ lójijì. Kò ké rárá. Ó kàn ní “hẹ̀ẹ́” bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan, irin sì bọ́, òun náà sì bọ́ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀, kò lè fà wọ́n.

Ilẹ̀kùn ni a fi gbé e dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Nígbà tí Yèyé Gbádé wá mú un, ó bọ́ gèlè rẹ̀ sọ́wọ́, ó dúró níwájú mi, kò sì gbé ohùn sókè.

“Ùwọ lọ́ wà níbẹ̀,” ó ní. “Ùwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí lọ́ ṣe ọmọ mi?”

Mo ní, “Tíṣà ló fipá mú un.”

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè lọ sí abúlé mọ́. Tí ọlidé bá dé, mo ń dúró sílé katikíìsì, mo ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Mo búra pé mi ò ní tẹ ilẹ̀ yẹn àfi tí mo bá ní ìròyìn ẹ̀san tí mo fẹ́ mú lọ. Adìẹ dà mí lóògùn nù, ẹyin rẹ̀ ni n ó fọ́. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn dé ibi tí ó fi ń dùn mọ́ mi. Mo kórìíra fèrè rẹ̀. Mo kórìíra bí ó ṣe ń nu alùpùpù rẹ̀ ní Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, tí ó sì ń gùn ún lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, a ní ó lọ bá obìnrin ni. Ọmọ ẹlòmíràn wà nílẹ̀ bí ẹrù, òun ń lọ ṣe fàájì! Ó gbẹ́ ihò lẹ́yìn kíláàsì, ó sin Bàbá Wọn, òun nìkan ló gbẹ́ ẹ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Èmi ní ó ń bo àṣírí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Pírínsípà ní àgbákò ni, kí gbogbo wa gbàdúrà. Èmi kò gbàdúrà.

Odó ni mo gbójú lé. Ní iléèwé wa, tí ìdíje eré sísá bá parí lọ́dọọdún, iyán la ń jẹ. Odó ńlá kan wà tí ọkùnrin mẹ́ta máa ń gún pa pọ̀. Ẹ̀yin kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí náà ẹ gbọ́. Ẹnìkan ni olórí, òun ló ń darí ìró: tirẹ̀ á kọ́kọ́ balẹ̀, ti ẹnì kejì á tẹ̀ lé e, ti ẹnì kẹta á tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣi ìgbà rẹ̀. Tí kókó bá wà nínú iyán, olórí á fi ọmọ odó kan ẹnu odó lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Gbogbo ọwọ́ á dúró. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ki ọwọ́ bọ odó, á mú kókó náà jáde, á ní “Ó yá.” Kí ó tó sọ “Ó yá,” ọmọ odó kankan kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ni ní òfin yẹn, a bí i mọ́ wa ni. Àwọn ọkọ tó ń bá ìyàwó wọn jà pàápàá, tí wọ́n bá jọ ń gúnyán, wọn kì í rú u.

Tíṣà Onírin fẹ́ràn láti bá wa gún un. Èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún ti ilé katikíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyàwó katikíìsì ń súre fún mi pé ọmọ gidi ni mí. Apá mi le, èjìká mi yọ. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, kò sí ẹni tó bá mi du ipò olórí. Ọ̀gá ilé wa, Báyọ̀, ló dúró sí òsì mi. Tíṣà bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó dúró sí ọ̀tún mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Apá rẹ ti gbó o.”

A gún un dáadáa. Kí n tó jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sí ìyẹn, ọkùnrin náà mọ iyán gún. Mo rí kókó kan tó tó ẹyin ẹyẹlé, mo fi í sílẹ̀ títí ó fi wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kan ẹnu odó: kó, kó. Báyọ̀ dúró. Tíṣà gbé ọmọ odó rẹ̀ sí òsì, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú odó, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Mo sì jẹ́ kí tèmi balẹ̀.

N kò ní sọ ìró rẹ̀ fún yín. Ìka mẹ́ta fọ́, eegun ọrùn ọwọ́ kán. Àwọn tó ń se oúnjẹ fi igbe ta. Báyọ̀ di ẹ̀wù mi mú, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi, nítorí òun rí i. Ìgbà yẹn ni tíṣà, tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó di ọwọ́ mọ́ àyà, sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀.” Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Ìyẹn bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ó bú mi. Wọ́n gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò padà wá mọ́, wọ́n ní ọwọ́ náà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́ láyé. Mo sùn fọnfọn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ra búrẹ́dì, mo wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí Ìlọ́fà, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Orin ni mo ń kọ lọ. Mo ti tò ó lẹ́nu bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Gbádé, bí ọmọ odó ṣe balẹ̀, bí Onírin ṣe jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé. Mo ń dé ẹ̀yìn abúlé ni mo gbọ́ odó. Yèyé Gbádé ló ń dá gúnyán ní ọ̀sán gangan.

“Háà, ùwọ nì yí!” ó ní. “A ti rò pé o ti gbàgbé ulé. Máa lọ sẹ́yìn, àbúrò rẹ wà níbẹ̀. Má bá a sọ̀rọ̀ pọ̀ o, ọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Mo lọ sẹ́yìn ilé. Ẹnìkan ti so oparun gígùn méjì mọ́ orí òpó, ó ga dé ìbàdí, ọ̀nà tóóró kan sì wà láàárín wọn. Gbádé wà láàárín oparun náà. Ó dúró. Mo ní ó dúró, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀! Òógùn bo ojú rẹ̀. Agolo mílíìkì méjì tí wọ́n rọ símẹ́ńtì sí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn mí,” ó ní. “Ùwọ ṣáà wò.” Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó gbé e dé mẹ́rin, ó fi igbá àyà lé oparun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. “Tí mo bá dé mẹ́wàá, a ó yọ oparun kan. Tí uṣu tuntun bá dé, n ó rìn dóko. Tíṣà lọ́ sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Tíṣà wo?”

Ó sọ ọ́ fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti gbé e délé ni Onírin ti ń wá ní Sátidé kọ̀ọ̀kan lórí alùpùpù. Òun ló gé oparun, òun ló so ó. Ó ń fi òróró fa ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé agolo kékeré nìkan, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí rẹ̀ mú kí ó lè gbé ẹsẹ̀. Yèyé Gbádé ti gbìyànjú láti dì í mú bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ kò gbé e, àwọn méjèèjì jọ ṣubú ni. Pírínsípà ti kìlọ̀ fún tíṣà pé kí ó má tọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni níléèwé.

“Mo sọ ọjọ́ orí mi fún un,” Gbádé ní. “Ọ́ sunkún. Mo ní kí ó má bínú sí ọ, pé ùwọ éè mọ̀ọ́mọ̀. Ọ́ ní òun gbọ́.” Ó na ọrùn wo ojú ọ̀nà. “Sátidé tó kọjá éè wá, mo mọ̀ pé ọjọ́ ìdíje yín ni. Ṣé o pàdé rẹ̀ lọ́nà?”

Mo ní mi ò pàdé rẹ̀.

Mo lè sọ fún un nígbà yẹn. Mo lè sọ fún un lọ́dún kejì, tàbí ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà láyé lẹ́yìn náà, tó ń hun apẹ̀rẹ̀ lójú kan, tí ìyá rẹ̀ ń lọ sóko títí tí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì sin ín. Èmi náà di ìbàdí rẹ̀ mú ní gbogbo ọlidé, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mo ń mú un jù, tàbí kí n má mú un tó. Kò kọjá mẹ́rin mọ́ láéláé. Ikán jẹ oparun náà tán. Ẹ má rò pé mo pè yín láti wá gbọ́ ìrònúpìwàdà. Inú tó bí mi sí Onírin kò kú títí di òní, ó ṣì ń wá ẹni tí yóò bá jà, èmi nìkan ló ń rí nínú ilé yìí.

Lọ́jọ́ yẹn, a jókòó sẹ́yìn ilé, àwa méjèèjì. Tí alùpùpù kan bá dún lójú títì, Gbádé á tẹ́tí gbọ́ ọ títí tí á fi kọjá lọ. Ìyá rẹ̀ ti gbé abọ́ iyán kan sọ́tọ̀, ó fi awo bò ó, ó jáde lẹ́ẹ̀mẹta láti wo ọ̀nà. Oòrùn yí sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó yá, ó gbé abọ́ náà wá, ó gbé e síwájú mi, ó ṣí awo náà.

“Éè wá mọ́ lónìí,” ó ní. “Uyán rẹ̀ ti ń tutù. Ọmọ mi, bọ́ síbí, bá a jẹ ẹ́.”

Mo fọ ọwọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.